Nítorí Ọ̀rọ̀ Kan Tí Mo Kọ́ Àwọn Ọ̀kẹ́rẹ́

Ìdí-Àràbà,
Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì.

Ṣadé mi, Àjíkẹ́ ọmọ mi,

Èmi ìyá rẹ ni mo ń fọwọ́ ara mi kọ èyí. Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni kó bá mi kọ ọ́, torí ohun tó wà nínú rẹ̀ kò yẹ létí ẹlòmíì. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà kí wọ́n tó ní kí n lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ, ìwọ náà mọ̀. Tí o bá ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́, bá mi tọ́ ọ, má kó o han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ.

Mo lọ gba lẹ́tà rẹ ní Ìdó lọ́wọ́ ẹni tí o fi rán. Mo kà á nínú bọ́ọ̀sì, mo délé, mo tún kà á lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Inú mi dùn pé iṣẹ́ táípíìsì yẹn ń lọ dáadáa, pé Kàdúná ò sì le tó bí àwọn èèyàn ṣe ń fi í dẹ́rù bà wá. Ṣùgbọ́n mo dé ibì kan, àyà mi já.

O ní àǹtí kan wà níbi iṣẹ́ rẹ tó fẹ́ràn rẹ gan-an. Ó ń gbé oúnjẹ wá fún ọ lọ́sàn-án, ó ra bàtà fún ọ, tí òjò bá ń rọ̀ a fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé ọ délé, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Ó wá ní kí o fi yàrá tí o háyà sílẹ̀, kí o kó wá sílé òun tí oṣù yìí bá parí. O kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Màámi, Ọlọ́run ló rán an sí mi."

Ó lè jẹ́ Ọlọ́run lóòótọ́. Mi ò ní bá Ọlọ́run du iṣẹ́ rẹ̀. Àmọ́ kí o tó di ẹrù rẹ, jókòó ka lẹ́tà yìí tán. Ìfura loògùn àgbà, wọ́n ní, oògùn yẹn ni mo fẹ́ bù fún ọ. Ó korò díẹ̀.

O ti ń béèrè àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ rẹ méjèèjì láti ìgbà tí o ti dé ọ̀hún. Èmi náà ń fèsì pé "gbogbo wa ń kí ọ." Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ ni. Ní báyìí tí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ àǹtí rẹ yìí, mo rí i pé àfi kí n sọ ọ́, torí ọ̀rọ̀ ọ̀kẹ́rẹ́ àti ọ̀rọ̀ rẹ ti wọ ara wọn.

O rántí bí wọ́n ṣe bọ́ sí wa lọ́wọ́. Wọ́n gé ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìpọ̀nrí, ìtẹ́ wó lulẹ̀, ìyá wọn sá lọ. O gbé méjì wọlé nínú fìlà, ojú wọn ò tíì là, ara wọn pupa bí ìka ọmọ tuntun. Ìwọ lo ń ki òwú bọ mílíìkì, tí o ń fi sí wọn lẹ́nu. Èyí tó máa ń dákẹ́ kó o tó fún un, o pè é ní Pẹ̀lẹ́. Èyí tó bu ọ́ jẹ ní àtàǹpàkò, o pè é ní Wàhálà. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ dé, o wọ rélùwéè, o ní, "Màámi, ẹ bá mi tọ́jú wọn, tí wọ́n bá ti dàgbà kí ẹ tú wọn sílẹ̀." Mo ní ó dáa. Mo rò pé kí èèyàn tú ẹran sílẹ̀, kò ju kí ó ṣílẹ̀kùn lọ.

Ṣé o mọ̀ pé kò pẹ́ sígbà tí o lọ ni mo ṣègbéyàwó. Ojú ṣì ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Ní ọjọ́ orí tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń pọn ọmọ-ọmọ ni wọ́n ń pe èmi ní ìyàwó. Ọkùnrin náà, ìwọ náà rí i lẹ́ẹ̀kan, òun ló ń tún ọgbà ṣe fún dókítà kan níhìn-ín, bọ́ìsì kọ́tà tó wà lẹ́yìn ilé náà la sì ń gbé. Mi ò tíì mọ ohun tí mo lè máa pè é. Bàbá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, òun ni mo ń pè ní Bàbá Ṣadé, mi ò lè bọ́ orúkọ yẹn lọ́rùn òkú kí n fi wọ alààyè. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ńkọ́? Ìyàwó wo ló ń pe ọkọ bẹ́ẹ̀? "Ẹ gbọ́ ná" ni mo ń pè é. Tó bá wà lọ́ọ̀ọ́kán, màá wúkọ́. Ó ti wá mọ ikọ́ mi dáadáa, ó mọ ti oúnjẹ yàtọ̀ sí ti àlejò.

Ọjọ́ tí mo kó wọlé rẹ̀, àgò ọ̀kẹ́rẹ́ ni mo gbé lọ́wọ́. Àwọn tó ń gbé ọgbà náà jáde wá wò mí. Ẹ̀rín pa wọ́n. "Ẹ wá wo ìyàwó! Àwọn kan ń gbé àpótí wọlé ọkọ, tiwa gbé ọ̀kẹ́rẹ́!" Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ni Àǹtí Rẹ̀mí, ìyàwó kúùkù dókítà, yàrá rẹ̀ ló tẹ̀ lé tiwa. Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí dáadáa. Ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ débẹ̀, o mọ̀ bí a ṣe ń ṣe é: ẹni tí a bá nílé ni àgbà. "Àǹtí" ni mo ń pè é, "ìyàwó" ló ń pè mí, "o" ló ń bá mi sọ, "ẹ" ni mo ń dá a lóhùn.

Jẹ́ kí n sọ ti ọkọ mi yìí díẹ̀ ná, torí òun ni mo kọ́kọ́ fura sí.

Ọmọ ọdẹ ni. Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ti bí i, bàbá rẹ̀ ló ń pa ẹran fún gbogbo abúlé. Èmi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ títí mo fi gbé àgò wọlé tán. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó dúró síwájú àgò, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó wo àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ yìí títí. Ó ní, "Àwọn wọ̀nyí ti tó."

Mo ní, "Wọ́n ti tó kí ni?"

Ó ní, "Wọ́n ti tó lọ."

Ṣadé, etí mi ò gbọ́ "lọ." "Jẹ" ló gbọ́. Mo gbé àgò náà sábẹ́ tábìlì ẹ̀rọ mi, mo fi aṣọ bò ó. Gbogbo ìgbà tí mo bá jáde lọ ra òwú, màá fi okùn di ilẹ̀kùn àgò náà ní ọ̀nà tí èmi nìkan mọ̀, kí n lè mọ̀ tí ẹnìkan bá ṣí i. Kò sí ẹni tó ṣí i. Lójoojúmọ́ ni ọkùnrin yìí ń sọ pé, "Ìyá Ṣadé, wọ́n ti tó o." Èmi náà ń ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n lo díẹ̀ sí i." Kò bínú, kò sì jọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ náà. Á ní "ó dáa," á gbé àdá rẹ̀, á lọ síbi òdòdó. Ìyẹn gan-an tún ń fu mí lára. Mo ní ọkùnrin tí èèyàn ń kọ̀ fún, tí kì í bínú, kí ló ń dúró dè?

Fi ìyẹn sọ́kàn, màá padà sí i.

Ìgbà tó yá, Wàhálà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ igi àgò, mo bá gbà. Ọkọ mi gbé àgò náà gun igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ọgbà, ó so ó mọ́ ẹ̀ka, ó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó ní báyìí la ó ṣe máa gbé oúnjẹ síbẹ̀, tí a ó máa dín in kù, títí wọn ó fi máa wá ti ara wọn. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun kan tó tún bí mi nínú. Ó ní, "Má pè wọ́n mọ́ o."

Mo ní, "Èmi tí mo tọ́ wọn?"

Ó ní, "Torí pé ìwọ lo tọ́ wọn ni."

Ọ̀rọ̀ tí a fi ń pè wọ́n nìyí, ìwọ lo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, èmi ni mo mú un dàgbà. Kí o tó fi òwú sí wọn lẹ́nu, o máa ń sọ pé, "Gbà." Mílíìkì, gbà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, gbà. Ẹ̀pà, gbà. Ó di pé kí wọ́n wà lókè igi pátápátá, tí mo bá ti dúró sábẹ́ rẹ̀ tí mo ní "gbà," wọn á máa já bọ̀ wálẹ̀ bí èso, wọn á gun apá mi. Gbogbo ọgbà máa ń jáde wá wò ó. Àwọn ọmọ dókítà pàápàá máa ń pàtẹ́wọ́ lójú fèrèsé. Èmi tí mi ò lè gbójú sókè láàárín wọn, tí wọ́n ń fi ìgbéyàwó mi ṣe yẹ̀yẹ́, ọ̀rọ̀ kan yẹn ló sọ mí di ẹni tí wọ́n ń kí tayọ̀tayọ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ fi í sílẹ̀? Tí ọkọ mi bá ti lọ síbi iṣẹ́, màá yọ́ lọ sábẹ́ máńgòrò, màá pè wọ́n.

Àǹtí Rẹ̀mí ló fẹ́ràn rẹ̀ jù. Lójoojúmọ́ ló ń fi abọ́ kékeré bu ẹ̀pà wá. "Ìyàwó, gbà fún àwọn ọmọ rẹ." Kò sí ẹni tó bi í léèrè. Kò sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́. Ó sì ń fún èmi náà: lónìí elùbọ́, lọ́la bọ́tìnì, lọ́tunla á ní òun rí aṣọ pélébé kan tí mo lè fi rán ìrọ̀rí. Mo ń dúpẹ́ títí ẹ̀yìn fi ń ro mí. Mo ní wò ó bí Ọlọ́run ṣe fún mi ní ìyálé rere nílé tí mi ò ti ní ìyálé. Ṣé o rí i? Èmi náà sọ Ọlọ́run sí i.

Ní ọjọ́ kan ó ní, "Ìyàwó, jẹ́ kí èmi náà pè wọ́n wò." Ó dúró sábẹ́ igi, ó ń kígbe, "Gbá! Gbá! Gbá!" Kò sí ọ̀kankan tó mira. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo rò pé mo mọ̀wé, mo sún mọ́ ọn, mo ní, "Rárá, Àǹtí, ẹ má gbé ohùn sókè. Gbá kọ́ o, ẹni tí ẹ bá ní ẹ fẹ́ gbá, ṣé á sún mọ́ yín? Ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Gbà." Ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. "Gbà." Mo ní, "Ẹ tún rẹ̀ ẹ́ díẹ̀." Pẹ̀lẹ́ ló kọ́kọ́ wá. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sí i lọ́wọ́, ó ń jẹ ẹ̀pà.

Mo pàtẹ́wọ́ fún un, Ṣadé.

Nígbà tí ọkọ mi gbọ́, kò jà. Ó kàn sọ pé kí n bẹ Àǹtí Rẹ̀mí kó má gbé ẹ̀pà wá mọ́, ó ní ọ̀kẹ́rẹ́ tó bá ń rí ẹ̀pà níwájú ilé kò ní wá ìgbẹ́ lọ. Ó gba ọjọ́ díẹ̀ kí n tó ní ìgboyà. Nígbà tó tún gbé abọ́ rẹ̀ dé, mo rọra ní, "Àǹtí, ẹ ṣé gan-an ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á dáwọ́ ẹ̀pà dúró ná, kí wọ́n lè lọ."

Ojú rẹ̀ yí padà kíá. Mi ò rí ojú yẹn rí látìgbà tí mo ti débẹ̀. "Ẹ̀pà mi ti wá di májèlé? Ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló ń kọ oúnjẹ lọ́wọ́ ẹni tó bá nílé! Gbogbo ohun tí mo ń fún ọ látìjọ́ yìí, o ò kọ̀ ọ́. Àní bọ́tìnì tó wà lára aṣọ tí o wọ̀ yẹn, ta ló ni ín?"

Mo wo àyà mi. Bọ́tìnì rẹ̀ ni. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́, mo gba ẹ̀pà náà.

Ibí yìí ni kí o fi ìka sí nínú lẹ́tà yìí. Ibí yìí ló yẹ kí n ti rí i. Ó ti fi ojú rẹ̀ hàn mí ní ọ̀sán gangan, mo wá lọ ń wo ojú ilẹ̀ nítorí ìtìjú.

Kò pẹ́ sígbà yẹn, mo lọ sábẹ́ igi, mo ní "gbà," Wàhálà nìkan ló sọ̀. Mo pè títí, Pẹ̀lẹ́ ò wá. Mo ní bóyá ó ti lọ sínú ìgbẹ́, ó ti rí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn mi lọ tààrà sọ́dọ̀ ọmọ ọdẹ tó wà nílé mi. Nígbà tó dé láti ibi iṣẹ́, mo wo àdá rẹ̀. Mo wo ìdí ìkòkò. Mo lọ wo inú gáàbéèjì, mo fi igi tú u. Tó bá bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, màá gbé e, màá gbóòórùn rẹ̀ bóyá ó ń rùn èéfín. Ọjọ́ kan ó bá mi níbẹ̀, imú mi wà nínú apá aṣọ.

Ó ní, "Ìyá Ṣadé, kí lò ń wá níbẹ̀?"

Mo ní, "Mo fẹ́ fọ̀ ọ́ ni."

Ó wò mí. Ó ní, "Ó dáa. Fọ̀ ọ́ dáadáa."

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, a wà níwájú ilé, àwa méjèèjì, mo ń ṣa ẹ̀wà. Àǹtí Rẹ̀mí dé pẹ̀lú abọ́ tí ó dé ní ìdérí. Látọjọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀pà, kò tíì rẹ́rìn-ín sí mi, inú mi bá dùn. Ó ní, "Gbà, ìyàwó. Ẹran ìgbẹ́ ni. Mo ní kí n má dá nìkan jẹ ẹ́, kí wọ́n má sọ pé mo ń bá ọ bínú." Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Mo dúpẹ́.

Ọkọ mi na ọwọ́, ó ṣí ìdérí, ó wò ó, ó dé e padà.

Ó ní, "Rẹ̀mí, níbo lo ti rí ẹran yìí?"

"Orí igi ni." Ó ń rẹ́rìn-ín. "Mi ò tiẹ̀ dọdẹ rẹ̀. Mo pè é, ó wá."

Abọ́ náà wà lọ́wọ́ mi, ó ṣì gbóná. Mi ò lè gbé e sílẹ̀, mi ò lè gbé e sókè. Mo kàn ń wo Àǹtí Rẹ̀mí.

"Ìyàwó, má wò mí báyẹn. Ṣé ọmọ rẹ ni? Ẹ̀yin lẹ ṣílẹ̀kùn fún un, ẹ ní kó máa lọ. Ẹran tí èèyàn ti lé jáde, ta ló ni ín? Àbí ẹ kọ orúkọ sí i nídìí? Ìpín tìẹ ló wà lọ́wọ́ rẹ yẹn, mo pín in dọ́gba. Ẹlòmíì ò ní rántí rẹ."

Ó lọ. Ṣadé, mo rò ó títí, mi ò rí ibi tí mo lè di í mú. Kò jalè. Kò purọ́. Ó tún fún mi nínú rẹ̀. Lójú tirẹ̀, ó ti ń fi ẹ̀pà bọ́ ẹran yẹn látìjọ́, ó ti bọ́ èmi náà, ó kàn wá gba tirẹ̀ padà ni. Pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo, bí àwọn àgbà ṣe ń sọ. Èmi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn láti kékeré, mi ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ àfìgbà tí mo gbé Pẹ̀lẹ́ lọ́wọ́ nínú abọ́.

Ọkọ mi gba abọ́ náà lọ́wọ́ mi. Ó gbẹ́ ilẹ̀ nídìí máńgòrò, ó bò ó mọ́bẹ̀, ó fọ abọ́, ó lọ gbé e fún onílé rẹ̀. Nígbà tó dé, ó jókòó tì mí. Ó ní, "Ṣé o ti wá rí i pé ṣẹ́ẹ̀tì mi ò rùn?"

Mi ò mọ ìgbà tí mo bú sẹ́kún pẹ̀lú ẹ̀rín pọ̀.

Ṣùgbọ́n Wàhálà ṣì kù lókè, ọ̀rọ̀ "gbà" sì ti bọ́ sí gbogbo ọgbà lẹ́nu. Ọkọ mi ní ọ̀nà kan ló wà: kí ọ̀rọ̀ náà di ohun tí yóò máa sá fún. Mo ní kó bá mi ṣe é. Ó gbìyànjú, ó dúró sábẹ́ igi, ó ní "gbà," Wàhálà ò tiẹ̀ wo apá ibẹ̀. Kò fọkàn tán an, tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ohùn rẹ ni o. Ẹni tó kọ́ ọ ni yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀."

Mo ṣa òkúta wẹ́wẹ́ sí etí ìró mi. Mo ní, "Gbà." Ó ń sọ̀ kalẹ̀, orí rẹ̀ lọ́wọ́ iwájú, bó ṣe máa ń ṣe sí ìwọ náà. Mo ju òkúta. Mo mọ̀ọ́mọ̀ tàsé rẹ̀. Ó dúró, ó wò mí, ó tún ń bọ̀, torí ó rò pé ẹ̀pà ni mo jù. Ẹ̀ẹ̀kejì, mi ò mọ̀ọ́mọ̀ tàsé mọ́. Ó bà á ní ìdí. Ó ké. Mo tún ní "gbà," mo tún jù ú, omijé ò jẹ́ kí n rí ibi tí mo ń jù ú sí. Láàárín gbà àti gbá, àmì kékeré kan péré ló wà níbẹ̀, tíṣà wa ní ìwé kẹta ti sọ ọ́ fún wa, mo rò pé ọ̀rọ̀ ìwé ni.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣe é lójoojúmọ́, títí ó fi jẹ́ pé tí mo bá ti ní "gbà," yóò sá gun òkè. Lẹ́yìn náà, tó bá ti rí mi lásán, yóò sá.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ń rán aṣọ lójú fèrèsé, mo rí Àǹtí Rẹ̀mí tó lọ sábẹ́ máńgòrò pẹ̀lú abọ́ ẹ̀pà. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ dáadáa bí mo ṣe kọ́ ọ. "Gbà. Gbà." Ẹsẹ̀ mi kúrò lórí ẹ̀rọ. Wàhálà yọrí láàárín ewé. Ó wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bú u lókè níbẹ̀, kẹ́-kẹ́-kẹ́-kẹ́, ìrù rẹ̀ ń jà fìrìfìrì, ó wá fò sórí ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn ògiri, ó sì lọ. Ọ̀kẹ́rẹ́ gorí igi, ojú ọdẹ dá. Àǹtí Rẹ̀mí jókòó síbẹ̀, ó jẹ ẹ̀pà rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Mo wúkọ́ pe ọkọ mi kó wá wò ó.

Ó yá, Àjíkẹ́, jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe. Mi ò ní tò ó bí ti tíṣà, bó ṣe ń sọ sí mi lọ́kàn ni.

Àkọ́kọ́, gbogbo èèyàn ló ní "gbà" tirẹ̀, ọ̀rọ̀ tí a fi ń pè é sọ̀ kalẹ̀. Mo mọ tìẹ. Látìgbà tí bàbá rẹ ti kú, ẹnikẹ́ni tó bá ti pè ọ́ ní "ọmọ mi," o ti sọ̀. Mo wo lẹ́tà rẹ dáadáa. Ibi tí o ti kọ ọ̀rọ̀ àǹtí yẹn, "ọmọ mi" ló pọ̀ níbẹ̀. Ta ló kọ́ àǹtí náà? Ṣé ìwọ lo sọ fún un pé o ò ní bàbá? Má ṣe bí èmi, tí mo dúró síbẹ̀ tí mo ń tọ́ ohùn rẹ̀ sọ́nà fún un.

Èkejì, ohun tí a bá gbà láìsan owó rẹ̀, ẹnìkan ń kà á níbì kan. Bọ́tìnì lásán ni tèmi. Bàtà ni tìẹ.

Má fi yàrá rẹ sílẹ̀. Kódà tí o bá fẹ́ lọ sùn lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, kí kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ wà lọ́wọ́ rẹ. Wádìí ẹni tó tún ń gbé nínú ilé náà. Ṣé ó lọ́kọ? Ṣé ó ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin? Ọmọbìnrin wo ló gbé ibẹ̀ ṣáájú rẹ, níbo ló sì wà báyìí? Bi ìyẹn kí o tó bi òun. Àjà ò fura, àjà jìn. Èmi ò fẹ́ gbọ́ pé o jìn sí Kàdúná.

Mi ò ní kí o máa fura sí gbogbo èèyàn o. Èmi tí mo fura jù, ẹni tí kò ṣe nǹkan kan ni mo ń gbóòórùn. Ìfura tí kò lójú, kò sàn ju kí èèyàn má fura. Nítorí náà ohun tí mo bá dé lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ rèé, òun ni mo torí rẹ̀ kọ lẹ́tà yìí: kọ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan. Ohun kékeré ni kí o kọ̀. Tó bá gbé oúnjẹ wá, sọ pé, "Ẹ ṣé, mà, mo ti jẹun lónìí." Tó bá ní kí o bọ́ sínú ọkọ̀, ní "màá fẹsẹ̀ rìn." Fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, má ṣàlàyé, kí o wá gbójú sókè wo ojú rẹ̀. Má wo ilẹ̀ bíi tèmi. Ọkùnrin tí mo ń kọ̀ fún lójoojúmọ́ ló ní "ó dáa," tó gbé àdá rẹ̀. Obìnrin tí mo kọ̀ fún lẹ́ẹ̀kan péré ló ka bọ́tìnì àyà mi. Tí àǹtí rẹ bá ní "ó dáa, ọmọ mi," tí ojú rẹ̀ sì wà bó ṣe wà, ó lè jẹ́ Ọlọ́run ló rán an lóòótọ́, èmi fúnra mi yóò rán aṣọ ránṣẹ́ sí i. Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka bàtà, Ṣadé, gun òkè.

Ọkọ mi ní kí n kí ọ. Ó ń bi mí léèrè ohun tí mo ń kọ láti àárọ̀, mo ní ọ̀rọ̀ obìnrin ni. Mo ṣì ń ṣọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, èèyàn ò mọ̀. Ṣùgbọ́n mo máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá ń ṣọ́ ọ báyìí, ó sì mọ̀ pé mò ń ṣọ́ òun. Tí o bá ráyè, bá mi ronú ohun tí mo lè máa pè é, ọ̀fun ń dùn mí.

Tí ọ̀hún bá sú ọ, máa bọ̀ nílé. Wàhálà nìkan ni mo ju òkúta lù, mi ò ní jù ú lu ìwọ. Ilé yìí kò tóbi, ṣùgbọ́n abẹ́ tábìlì ẹ̀rọ tí àgò wà tẹ́lẹ̀ ti ṣófo, màá tẹ́ ẹní síbẹ̀.

Mo fi ẹ̀pà sísun díẹ̀ sínú ìgò, mo fi rán ẹni tó mú lẹ́tà yìí bọ̀. Èmi ni mo sun ún. Tí kò bá wù ọ́, dá a padà. Mi ò ní bínú. Ìyẹn lo máa fi mọ̀ pé ọ̀dọ̀ mi ló ti wá.

Èmi,
Ìyá rẹ.